Ìbéèrè Yín: Rélùwéè ò kọjá mọ́, kí la ṣì ń fọn fèrè fún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Àwa méjìlá là ń ṣiṣẹ́ lórí ojú irin àtijọ́ lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, à ń gé igbó, à ń tú irin tó ti bàjẹ́. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti rí rélùwéè níbẹ̀ gbẹ̀yìn, igi ti hù láàárín irin, ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ṣẹ́ẹ̀fù wa gbé dé, ẹ gbà wá o! Èèyàn méjì á dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀kan lápá Glazoué, ọ̀kan lápá Tchaourou, wọ́n á máa wò bóyá rélùwéè ń bọ̀, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àdá. Gbogbo wákàtí wọ́n á fọn fèrè, gbogbo wa á sì bọ́ sínú igbó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọdá irin láì gbàṣẹ. Ẹni tó bá bọ́ gilẹ́ ẹ̀, ìyẹn ẹ̀wù ààbò tó ń tàn yẹn, lọ́sàn-án gangan, wọ́n á yọ ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà nínú owó ẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fìyà jẹ wá báyìí?
Òṣìṣẹ́ ojú irin, Ṣábẹ̀ẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oòrùn o, ẹ̀yin méjèèjìlá. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, inú mi ò dùn rárá. Kì í ṣe torí pé òfin wà o, torí pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ibi tí òfin yẹn ti wá bẹ̀rẹ̀. Ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Pàràkú yẹn, kìlómítà 438, nígbà tí rélùwéè ń sáré lórí ẹ̀ dáadáa ẹni tó ń wo iwájú wo ẹ̀yìn ló ń gba ẹ̀mí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ là. Ojú kan ṣoṣo ni irin yẹn, rélùwéè tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ orí ẹ̀ náà ni wọ́n jọ ń gbà, ó sì máa ń pẹ́ kí ọkọ̀ tó wúwo tó yẹn tó dúró lẹ́yìn tó bá ti tẹ bíréèkì. Nítorí náà òfin gidi ni. Ẹnì kan ló kàn ṣí ìwé àtijọ́ yẹn tó dà á kọ bó ṣe wà, kò jáde lọ wo ojú irin tí ewúrẹ́ ń sùn sí.

Ohun tó wá dùn mí jù ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lé yín kúrò níbi tí ẹ ti ro, tójú ń rí ilẹ̀, wọ́n ń lé yín wọ inú igbó tí paramọ́lẹ̀ wà! Rélùwéè tí kò sí ni wọ́n ń sá fún, ejò tó wà ni wọ́n ń ránṣẹ́ yín sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ṣẹ́ẹ̀fù yín sọ̀rọ̀, ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti ṣiṣẹ́ ojú irin rí nígbà ọ̀dọ́, lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan tí mi ò ní dárúkọ. Òfin ibẹ̀ pọ̀ bíi tiyín. Lọ́jọ́ kan a dé orí afárá kékeré kan, ọ̀kan nínú wa gbẹ́sẹ̀ lé pákó tó ti jẹrà, pákó já, ó wọ ibẹ̀ dé itan, orúnkún ẹ̀ yẹ̀. Nígbà tá a fà á jáde, gilẹ́ wà lọ́rùn ẹ̀, kásìkì, ìyẹn akoto ààbò, wà lórí ẹ̀, fèrè ṣì so mọ́ ọn láyà. Láti àárọ̀ la ti ń wo ọ̀ọ́kán, kò sẹ́nì kan tó fi igi gún pákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa wò. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun o, ẹ má tíì ju fèrè nù. Ojú irin tí wọ́n ní wọn ò lò mọ́, oríṣiríṣi ni. Òmíràn wà tí wọ́n ti hú irin ẹ̀ kúrò pátápátá, ìyẹn ti di ọ̀nà oko nìyẹn. Òmíràn wà tí irin ṣì wà ńlẹ̀ àmọ́ tí nǹkan ti dí i lápá méjèèjì. Òmíràn sì wà tí rélùwéè èrò ò gbà mọ́ ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kó irinṣẹ́ lè yọ lójijì láti ibi iṣẹ́ mìíràn, ìyẹn náà lè pa èèyàn. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ṣẹ́ẹ̀fù nìyí: ta ló sọ fún un pé nǹkan kan ò lè wá, ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣé ó fọwọ́ sí i? Tí ìwé yẹn bá wà, kí wọ́n gbé igi ńlá dábùú irin lápá méjèèjì ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, pátákó pupa níwájú ẹ̀, ṣéènì àti àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn méjì tó ń wòran lè mú àdá.

Tàbí kí wọ́n lọ dúró síbi tí wọ́n ti wúlò. Ibi tí ojú irin ti pàdé ọ̀nà ọkọ̀, níbi tí kàmíọ́ọ̀nù àti zẹmijan, ìyẹn ọ̀kadà, ti ń já wọlé, ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn dúró, ibẹ̀ náà sì ni gilẹ́ ti wúlò. Nínú igbó kìjikìji tí ọkọ̀ kankan ò lè dé, mi ò rí ohun tó ń ṣe lọ́rùn yín lọ́sàn-án gangan ju kó mú ooru mú yín lọ. Kásìkì ní tiẹ̀, ẹ dé e tẹ́ ẹ bá ń gé igi tàbí tẹ́ ẹ wà lábẹ́ afárá.

Ẹ wá gbọ́ ewu gidi tí wọn ò kọ sínú òfin yín. Irin yẹn fúnra ẹ̀, tí kìlómítà kan ẹ̀ bá fi dígírì 30 gbóná ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ó máa ń fẹ́ gùn sí i tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 35. Nígbà tí àwọn irin pẹlẹbẹ àti bóòtù tó so ó pọ̀ bá ti dógùn tí wọ́n ti gan, kò rí àyè gùn, ó kàn há mọ́ra ni, agbára sì wà nínú ẹ̀ bíi ti ọrun tí wọ́n fà. Ẹni tó bá gé e tàbí tó tú bóòtù ẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta, ó lè ta sí i lẹ́sẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé e, ẹ rántí pé irin mítà 12, tí mítà kan ẹ̀ bá wọn kìlò 25, kìlò 300 nìyẹn, kì í ṣe ẹrù ọkùnrin mẹ́rin tó ní àwọn lágbára.

Omi ńkọ́? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru yẹn, ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́. Bàtà gíga fún ejò, àti igi tẹ́ ẹ máa fi lu koríko kẹ́ ẹ tó kọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí ejò bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dè é pinpin, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kẹ́ ẹ sì ti mọ ẹni tó ní ọkọ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì náà, ẹ bèèrè ẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, àdéhùn àgbáyé nọ́ńbà 155 tí àjọ iṣẹ́ àgbáyé ṣe lọ́dún 1981 sọ pé ìnáwó ààbò kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́rùn òṣìṣẹ́, àti pé ẹni tó bá ní ìdí gidi láti gbà pé ewu ńlá wà níwájú òun tó sì kúrò níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Lọ́dún 2022 àjọ náà sọ ọ́ di ara àwọn ìpìlẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún, Bẹ̀nẹ̀ sì wà nínú ẹ̀. Ẹ lọ bá inspection du travail, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ lọ pọ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan dá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, èmi ni ṣẹ́ẹ̀fù níbi tá a ti ń ṣí ojú irin àtijọ́ tó gba Àjàṣẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀. Mo mọ̀ pé òfin míì ò wúlò. Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ ọ́, tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, orí ta ló máa dà lé?
Ẹni tó ń bẹ̀rù, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Mo mọ ẹ̀rù yẹn, kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ tijú ẹ̀. Òun náà ló ń jẹ́ kí òfin máa pọ̀ sí i, torí kò sẹ́ni tí wọ́n máa ń bá wí pé ó fi òfin kún un. Ẹ má dá yọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ ra ìwé kan, ẹ kọ ewu tí òfin náà wà fún, ohun tó jẹ́ kí ewu náà kúrò, ẹni tó bá yín jẹ́rìí sí i, ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i kí ẹni tó gba yín síṣẹ́ náà fọwọ́ sí i. Tí nǹkan bá yí padà, bíi kí ikọ̀ mìíràn wá pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń gba orí irin, òfin náà padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ yín pé kí ni wọ́n rò pó lè pa wọ́n lónìí. Ẹ máa ṣe kàyéfì sí ìdáhùn wọn, àwọn ni wọ́n mọ ihò tó wà níbẹ̀. Àwùjọ tó bá ní òfin ogójì tí ọgbọ̀n nínú ẹ̀ ò wúlò, àwọn ọmọ ibẹ̀ á rú gbogbo ogójì pọ̀ ni, mo ti rí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi ń kó igi tó wà lábẹ́ ojú irin àtijọ́ wálé, ó ní igi líle ni, mo sì fẹ́ fi yan ẹja tí mò ń tà. Ṣé kò burú?
Ìyá oníẹja, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Ó burú, ìyá wa, ẹ má ṣe é rárá. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà dúdú kan tí wọ́n ń pè ní créosote sínú irú igi bẹ́ẹ̀ kó má bàa jẹrà, àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ àgbáyé sì kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Èéfín ẹ̀ á wọ inú ẹja, á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín pẹ̀lú ti àwọn ọmọ tó yí yín ká. Ẹ má fi dáná, ẹ má fi ṣe ibùsùn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ jókòó lé e. Kí bàbá wọ ìbọ̀wọ́ kó dá a padà síbi tó ti gbé e wá, kó sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ ẹ̀ dáadáa kó tó jẹun.