Ṣéènì Òsì Ń Falẹ̀: Ta Ni Kí N Gbà Gbọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹskavétọ̀ tòkunbọ̀ kan, oní 20 tọ́ọ̀nù, ni mo fi ń gbẹ́ ilẹ̀ pupa nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti ṣiṣẹ́ ju 14,000 wákàtí lọ. Láàárọ̀, ó máa ń rìn dáadáa. Bó bá fi máa di nǹkan bí aago mọ́kànlá, tí ara rẹ̀ ti gbóná, ṣéènì òsì á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ẹ̀rọ náà á máa yà sí òsì, kò sì ní lè gun òkè mọ́. Apá rẹ̀ ṣì ń gbẹ́ ilẹ̀ bó ṣe yẹ. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra mọ́tọ̀ ẹsẹ̀ mìíràn, ìyẹn èyí tí ọ́ọ̀lì ń yí kí ṣéènì lè rìn. Mẹkáníìkì kejì tí mo pè sọ pé pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ọ̀lì ló bàjẹ́. Owó ńlá ni méjèèjì. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gba èyíkéyìí gbọ́ nínú wọn, nítorí kò sí èyí tó sọ fún yín pé òun wọn ohunkóhun kí òun tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ sọ nípa ooru ni mo kọ́kọ́ dì mú. Ọ́ọ̀lì tó tutù máa ń ki, kì í sì í tètè yọ́ gba àlàfo tóóró kọjá. Bó bá gbóná, á ṣàn bí omi, gbogbo ibi tí irin ti jẹ irin lára ni yóò sì máa gbà sá padà sínú táńkì láìṣe iṣẹ́ kankan. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń rìn láàárọ̀ tó sì ń rọ lọ́sàn-án, jíjò inú ló sábà máa ń ṣe é. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ ló ń lọ́ tìkọ̀ tó sì ń yá bó bá gbóná, fáàfù (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí ọ̀nà ọ́ọ̀lì, tó sì ń pa á dé) tó ń há tàbí ọ́ọ̀lì tó ki jù ni ǹ bá fura sí.

Ibo wá ni ó ti ń jò? Pọ́ǹpù ńlá méjì ni ẹ́ńjìnnì ń yí lára irú ẹ̀rọ yìí, ọ̀kan fún ṣéènì kọ̀ọ̀kan. Láti ara pọ́ǹpù, ọ́ọ̀lì á gba inú fáàfù ńlá, á sọ̀kalẹ̀ sínú swivel, ìyẹn kókó irin tó wà láàárín orí tó ń yí àti ẹsẹ̀, kí ó tó dé mọ́tọ̀ tó ń yí gíá ìsàlẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń bọ́ ṣéènì òsì kì í ṣe iṣẹ́ ìrìn nìkan. Ó tún ń bọ́ lára iṣẹ́ apá tàbí ti yíyí orí, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà bá ṣe pín in. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti mẹkáníìkì kejì tán: bí pọ́ǹpù yẹn bá ti rẹ̀, apá tàbí yíyí orí náà yóò máa falẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ dán wọn wò nígbà tí ara ẹ̀rọ bá gbóná dáadáa, ẹ má dán wọn wò láàárọ̀.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ wo àwọn ohun tí kò ná yín lówó. Ẹ wá ẹrẹ̀ tó dì sáàárín àwọn róólà, ẹ wò ó bóyá ṣéènì òsì le ju ti ọ̀tún lọ, ẹ wo bí ọ́ọ̀lì inú táńkì ti pọ̀ tó, kí ẹ sì ya fíítà wò bóyá ìyẹ̀fun irin tó ń dán wà nínú rẹ̀. Ẹ tún tú nọ́ọ̀tì gíá ìsàlẹ̀. Bí ọ́ọ̀lì gíá bá ti pọ̀ ju bí ẹ ṣe rọ ọ́ lọ, tí ó sì ti ṣàn jù, síìlì mọ́tọ̀, ìyẹn òrùka tó ń dí ọ́ọ̀lì kó má jò, ti bàjẹ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́ sì ti ń di òótọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀ títí ṣéènì òsì yóò fi gbéra, ẹ fi ẹfun sàmì sí bàtà ṣéènì kan, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi yí po lẹ́ẹ̀mẹta, síwájú àti sẹ́yìn. Ẹ ṣe bákan náà fún ti ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró nítòsí. Bó bá jẹ́ pé síwájú nìkan ló ti ń falẹ̀, fáàfù kékeré kan tó ń ṣọ́ ìhà yẹn ló yẹ kí ẹ tú. Bó bá falẹ̀ ní ìhà méjèèjì, ẹ máa bá mi bọ̀.

Ìdánwò tó ń yanjú àríyànjiyàn nìyí, kò sì ná yín ju ọ́ọ̀lì díẹ̀ tó bá dà sílẹ̀ lọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú ìfúnpá ọ́ọ̀lì sílẹ̀, kí ẹ wá pààrọ̀ họ́ọ̀sì òsì méjèèjì pẹ̀lú ti ọ̀tún nísàlẹ̀ swivel: ti síwájú sí ti síwájú, ti sẹ́yìn sí ti sẹ́yìn. Ẹ sọ fún ọpiréétọ̀ pé lífà (ọ̀pá ìdarí) òsì ni yóò máa wa ṣéènì ọ̀tún báyìí. Bí ṣéènì òsì bá ṣì ń falẹ̀, ìsàlẹ̀ ni àìsàn wà: mọ́tọ̀, bíréèkì rẹ̀ tàbí gíá. Bí àìlera náà bá ṣí lọ sí ọ̀tún, mọ́tọ̀ yín kò ṣẹ̀, òkè ni kí ẹ lọ wò. Ẹ dá họ́ọ̀sì padà, kí ẹ wá ṣe irú ìpààrọ̀ kan náà lókè swivel. Bó bá ṣí lọ báyìí, fáàfù ńlá tàbí pọ́ǹpù ni. Bí kò bá ṣí, swivel fúnra rẹ̀ ni.

Swivel yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Mo bá wọn tú ọ̀kan rí lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ ti ra mọ́tọ̀ tí kò nílò. Síìlì inú rẹ̀ ti le bí èèpo ọsàn gbígbẹ, nígbà tí mo sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó dá sí méjì. Owó gbogbo síìlì rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mọ́tọ̀. Àmì mìíràn tó máa ń fi hàn ni pé bí ẹ bá fa lífà kan, ṣéènì kejì á máa jì díẹ̀díẹ̀.

Bó bá ti di pé ìsàlẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọ́ọ̀lì tó ń gba họ́ọ̀sì kékeré padà láti inú mọ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n fi ti òsì wé ti ọ̀tún àti iye tí ìwé ẹ̀rọ náà gbà láàyè. Inú garawa ni kí họ́ọ̀sì yẹn máa da ọ́ọ̀lì sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ojú rẹ̀ lára mọ́tọ̀, nítorí ìfúnpá yóò fọ́ síìlì, ó sì lè fọ́ ilé mọ́tọ̀ pàápàá. Géèjì tó lè ka 600 bar (bar ni ìwọ̀n ìfúnpá) ni kí wọ́n lò fún ìfúnpá ìrìn, tó máa ń tó nǹkan bí 350 bar lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìwọ̀n yìí. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò; páálí ni kí ẹ lò. Bí ọ́ọ̀lì bá gún ẹnìkan lára, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ náà kò tilẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi máa ń rìn tààrà, àmọ́ bí mo bá gbé apá rẹ̀ sókè lórí ìrìn, ó máa ń yà. Ṣé mọ́tọ̀ ni? (Olùkàwé kan ní Ṣakí)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Fáàfù kékeré kan wà nínú fáàfù ńlá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé bí ìrìn àti apá bá pàdé, kí pọ́ǹpù kan máa bọ́ ṣéènì méjèèjì, kí èkejì gbájú mọ́ apá. Bó bá há, tàbí tí ọ́ọ̀lì tó ń pàṣẹ fún un kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, apá yóò jí lára oúnjẹ ṣéènì kan. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ṣéènì méjèèjì bá kàn dẹwọ́ ìrìn lọ́gbọọgba nígbà tí apá bá ń gòkè, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.