Ẹ má so ẹ́ńjìnnì mọ́ igi obì

Ẹ̀yin tí tírélà gbá Camry yín nídìí ní Ògèrè, tí ẹ fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra yín nínú àgbàlá yín ní Ṣágámù, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣeé ṣe. Èmi náà tú irú rẹ̀ ní Ìpẹ́rù, ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi kò sì ká dáadáa títí dòní.

Nọ́ọ̀tì kọ́ ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dípẹtà, ẹ da kẹrosíìnì sí i, ẹ jẹ́ kó mọ́jú, á tú. Ibi tí mo so ṣéènì bùlọ́ọ̀kù mọ́, ìyẹn ẹ̀rọ ṣéènì tí a fi ń fa ẹrù wúwo sókè, ló kó bá mi. Igi obì bàbá mi ni, ẹ̀ka rẹ̀ tó itan àgbàlagbà. Ẹ́ńjìnnì Camry pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì lè sún mọ́ àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, ìyẹn 200 kg. Ó ń gòkè bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi bó ṣe há. Iwájú ni wọ́n ti gbá ọkọ̀ tèmi, irin ẹ̀gbẹ́ ti tẹ̀ wọlé, ó sì há gíábọ́ọ̀sì mọ́. Mo ní kí àbúrò mi máa fà á lọ, mo wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láti wá ohun tó dì í mú. Lójijì ló já, ó fò sókè, ó wálẹ̀ padà, ẹ̀ka obì sì fà ya. Bàbá mi kọ́kọ́ sunkún igi kó tó bojú wo ọwọ́ mi.

Bó bá há, ẹ dẹ ṣéènì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ lọ háyà kíréènì lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Bí kò bá sí, ẹ lo irin páìpù mẹ́ta tó nípọn, kí ẹ so orí wọn pọ̀, kí ẹ so ẹsẹ̀ wọn mọ́ra kí wọ́n má baà yà, kí ẹ sì tẹ́ pákó sábẹ́ wọn, torí ilẹ̀ wa máa ń rì lẹ́yìn òjò. Ẹ má wo igi àjà rárá. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, ìtì igi ni kí ẹ fi gbà á dúró, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé: ihò inú rẹ̀ ń jẹ́ kó fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ti yín tún yàtọ̀: ìdí ni wọ́n gbá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sì ni táǹkì epo wà. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó mú sípánà. Bí epo bá ń jò, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹni tó ń mu sìgá sì kúrò níbẹ̀. Orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò (-) ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà rẹ̀. Wáyà oníyẹ́lò, ti airbag ni, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, ẹ fi sílẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ má tú páìpù rẹ̀. Ẹ fi okùn so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí gáàsì rẹ̀ lè ba ojú jẹ́.

Nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ dì í sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ fi fóònù ya àwòrán wáyà gbogbo kí ẹ tó já wọn. Ẹ tẹ́ táyà àtijọ́ méjì sílẹ̀ de ẹ́ńjìnnì. Tèmi balẹ̀ lórí sọ́ńpù, àwo ọ́ìlì abẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ wọlé, mo sì tún san owó òmíràn.