Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ta ló ṣáájú nínú àwọn ọba Páṣíà inú Bíbélì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Sunday School. Kírúsì, Dáríúsì, Ahaswérúsì, Artasásta: n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ nínú wọn. Ọmọ kan tún bi mí bóyá Páṣíà yìí náà ni Ìráànì. Kí ni kí n sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kọ orúkọ márùn-ún sójú pátákó: Kírúsì, Kambáísísì, Dáríúsì, Ahaswérúsì, Artasásta. Bí wọ́n ṣe jẹ tẹ̀ léra nìyẹn. (Ẹnì kan gorí ìtẹ́ fún oṣù díẹ̀ kí Dáríúsì tó gbà á, ẹ má fi ìyẹn dà wọ́n láàmú.) Ẹ rán wọn létí pé ńṣe ni ọdún ṣáájú ìbí Kristi ń dín kù, 539 ló ṣáájú 522.

Kírúsì ló tẹ ilẹ̀ ọba náà dó. Ó ṣẹ́gun Mídíà ní nǹkan bí 550, ó sì gba Bábílónì ní 539. Ìgbà yẹn làwọn Júù rí àṣẹ padà sílé. Amọ̀ kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Kírúsì sí lára wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ bí Kírúsì ṣe dá àwọn òrìṣà padà sójúbọ wọn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Jerúsálẹ́mù. Kambáísísì ọmọ rẹ̀ gba Íjíbítì ní 525. Bíbélì ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ọdún kẹfà Dáríúsì (522 sí 486) ni tẹ́ńpìlì táwọn Júù ń tún kọ́ ní Jerúsálẹ́mù parí. Ahaswérúsì, ọkọ Ẹ́sítérì, ni àwọn Gíríìkì ń pè ní Xerxes. Artasásta ọmọ rẹ̀ ló yọ̀ǹda Nehemáyà láti lọ tún odi Jerúsálẹ́mù kọ́.

Ẹ̀bi yín kọ́ ni bó ṣe dàrú mọ́ yín lójú o. Ẹ́sírà orí kẹrin ló fà á. Ẹsẹ 6 àti 7 fo lọ sọ́dọ̀ Ahaswérúsì àti Artasásta, ẹsẹ 24 sì tún padà sórí Dáríúsì. Òǹkọ̀wé ń kó gbogbo àtakò táwọn ọ̀tá ṣe sí iṣẹ́ àtúnkọ́ Jerúsálẹ́mù jọ sójú kan ni, kò tẹ̀lé ọdún. Ẹ má sì fi Dáríúsì ará Mídíà inú Dáníẹ́lì pe eléyìí. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ Bábílónì tàbí ti Páṣíà.

Bí wọ́n bá béèrè bí ọba kan ṣe ń ṣàkóso láti Íńdíà dé Kúṣì, ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ ni. Dáríúsì pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn, ó fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ó sì bu iye ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà ọba tó ju 2,000 kìlómítà lọ so Sádísì (ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní) mọ́ Ṣúṣánì, ìlú ààfin ọba ní Páṣíà. Ẹlẹ́ṣin kan á sáré dé ibùdó, ẹlòmíràn á gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti Ìráànì, bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ kan náà ni. Alexander, ọba Masedóníà tó kó àwọn Gíríìkì wá, ló bi ilẹ̀ ọba yìí wó, wọ́n sun Persepolis, ìlú ààfin àwọn ọba Páṣíà, ní 330 ṣáájú ìbí Kristi. Lẹ́yìn àwọn Gíríìkì, àwọn Pátíà jọba, àwọn Sasáníà sì tẹ̀lé wọn títí di 651 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ó pẹ́ tí àwọn onílẹ̀ ti ń pe ara wọn ní Ìráànì. 1935 ni ìjọba wọn ní kí àwọn òyìnbó náà máa pè é bẹ́ẹ̀.