Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ mi sí kíláàsì àkànṣe

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Ọmọkùnrin mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà. Ní èṣín ni wọ́n mú ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje tí ó dàgbà lọ́dọ̀ mi, lọ sọ́dọ̀ ara wọn. Ilé-ìwé ti kọ lẹ́tà báyìí pé kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, pé kì í wo ojú olùkọ́, àti pé àwọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kíláàsì àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà ọpọlọ ló tọ́ sí i. Ọmọ yìí ló máa ń bá mi ṣírò owó ọjà láìṣìṣe! Ṣé kí wọ́n gbà? — Ìyá Àgbà, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọmọ tí a tọ́ ní Òmù-Àrán, bí àgbà bá ń bá a wí, orí ni yóò tẹ̀ ba tí yóò sì máa wo ilẹ̀, nítorí a ti kọ́ ọ pé àrífín ni kí ọmọdé tẹjú mọ́ àgbà. Olùkọ́ tí kò mọ èyí lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáàárín èdè àjèjì lè dákẹ́ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó la ẹnu.

Ẹ̀rù yín kì í ṣe àsọdùn. Ní 1970, ẹjọ́ wáyé ní California lórí àwọn ọmọ tí ń sọ èdè Sípéènì, tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dán ọpọlọ wọn wò, tí wọ́n sì kó sí irú kíláàsì yìí. Nígbà tí wọ́n fi èdè ilé wọn tún un ṣe, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá. Ní 1979, nínú ẹjọ́ mìíràn níbẹ̀ tí à ń pè ní Larry P., adájọ́ Robert Peckham pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ náà má fi ìdánwò IQ, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn làákàyè, kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú síbẹ̀ mọ́: àwọn ọmọ yìí kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ, síbẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n nínú àwọn kíláàsì náà. Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọmọ Fúlàní tí kò gbọ́ Yorùbá ni a máa ń yára pè ní olódo ní Ìlọrin.

Òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà, tí à ń pè ní IDEA, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà láti 1975, sọ pé òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tó wáyé, pé kí wọ́n fi èdè ọmọ ṣe é bí ó bá ti ṣeé ṣe, pé ìdánwò kan ṣoṣo kò tó, àti pé àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè sọ ọmọ di ẹni tí ó ní ìpèníjà. Bí àbájáde kò bá tẹ́ òbí lọ́rùn, ó lè béèrè àyẹ̀wò mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ìwé náà.

Síbẹ̀, n kò ní gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n kọ àyẹ̀wò náà nítorí ìtìjú. Bí etí ọmọ kò bá gbọ́ dáadáa, tàbí bí lẹ́tà bá ń dàrú mọ́ ọn lójú, ọ̀fẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ tí yóò rí gbà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àyẹ̀wò. Ìfọwọ́sí yìí kì í ṣe ti kíláàsì, ìyẹn ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ yín ni kí ẹ wá káàdì àbájáde rẹ̀ láti ilé-ìwé tí ó lọ níbí, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ó rìn, ìgbà tí ó sọ̀rọ̀, àìsàn tí ó ṣe é, àti bí ó ṣe ń ṣírò owó ọjà náà, kí baba rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.