Ìṣòro wo ló dojú kọ Sri Lanka lẹ́yìn ogun abẹ́lé?

Àwọn èèyàn tó sọnù, bọ́ǹbù tó ṣì wà nínú ilẹ̀, ilẹ̀ tí ológun kò tíì dá padà tán àti gbèsè ni ìṣòro tó le jù ní erékùṣù Sri Lanka látìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009. Ọdún 1983 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, láàárín ìjọba àti Tamil Tigers, ẹgbẹ́ ajàjàgbara ẹ̀yà Tamil, tó fẹ́ kí àríwá àti ìlà-oòrùn dá dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó sọnù ló dunni jù. Láti ọdún 2017 ni àwọn ìyá Tamil ti ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà ní ìlú Kilinochchi ní àríwá, fọ́tò ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń bèèrè ibi tí ọmọ wọn wà. Ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún un, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé kò tíì rí ìdáhùn gbà. Ní ti bọ́ǹbù inú ilẹ̀, ní Muhamalai, tóun náà wà ní àríwá, àwọn obìnrin wà lára àwọn tó ń kúnlẹ̀ fi ọwọ́ ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó lè yọ bọ́ǹbù kan.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìjọba kéde pé òun kò lè san gbèsè òkèèrè mọ́. Epo ọkọ̀ àti oògùn wọ́n gógó, Ààrẹ Gotabaya Rajapaksa sì sá kúrò nílùú ní oṣù Keje.

Kì í ṣe ogun nìkan ló fa ti gbèsè o: owó orí tí wọ́n dín kù lọ́dún 2019 àti àrùn Kòrónà, tó lé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ, dá kún un.