Ìpín nínú ilẹ̀ tí wọn ò tíì pín

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin màlúù àti ewúrẹ́ díẹ̀ ní agbègbè Ìbàràpá. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ ta ìpín òun nínú ilẹ̀ ẹbí wọn fún mi, éékà 5. Wọn ò tíì pín ilẹ̀ ọ̀hún, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń fi ẹran jẹko níbẹ̀, àmọ́ ó ní wọ́n á pín in lọ́dún tó ń bọ̀, òun á sì kọ rìsíìtì fún mi báyìí. Owó tó pè kò ga rárá. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Mi ò pe ọkùnrin náà ní gbájúẹ̀ o. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹbí náà lóòótọ́, kó sì gbà pé òun ní ìpín. Ohun tó lè tà ni kò ní. Ilẹ̀ ẹbí tí wọn ò tíì pín, ti gbogbo wọn ni. Ó lè dáko níbẹ̀, ó lè gba tirẹ̀ nínú owó tó bá tibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kò sí igun kan tó lè nàka sí pé tòun nìyí. Éékà 5 wo ló wá fẹ́ tà fún yín?

Ilé ẹjọ́ ti la èyí mọ́lẹ̀ tipẹ́. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, bí ẹni tí kò tà rárá ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ọwọ́ àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan), ìyẹn sàn díẹ̀: ọjà náà dúró títí àwọn yòókù á fi pẹjọ́ láti tú u ká. Rìsíìtì ò yí ìkankan padà nínú ẹ̀.

Mo tẹ̀lé oníbàárà mi kan lọ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó fẹ́ tà á dúró sídìí ọ̀pẹ kan, ó nawọ́: "Láti ibí títí dé ọ̀hún." Mo ní kí ni ààlà, ó ní pèrègún ni. A wá pèrègún títí, a ò rí i. Níbi tá a ti ń wá a, ìyá àgbàlagbà kan gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ jáde látinú oko, ó kí wa dáadáa, ó wá yíjú sí ọmọkùnrin náà: "Ta lo sọ fún?" Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Kíá ni oníbàárà mi ti owó rẹ̀ padà sápò. (Àtọmọkùnrin àtọmọbìnrin ló ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ bàbá wọn nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ọkùnrin nìkan ló ń fọwọ́ sí i.)

Ti ẹran sísìn tún le ju ti ẹ̀gẹ́ lọ. Láti 2019 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní òfin tó de dída ẹran jẹko kiri, torí náà ẹ máa sọgbà ni. Ọgbà wo lẹ fẹ́ sọ yí ilẹ̀ tí kò ní ààlà ká? Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ lẹ máa mọ iye ọmọ tí bàbá wọn bí.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yá ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí, ọdún mélòó kan, kí olórí ẹbí àti àgbà kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé, kí ẹlẹ́rìí tiyín náà wà níbẹ̀. Kí àwọn tó ń wọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n kí owó tó jáde; éékà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,047 mítà níbùú lóròó (square metre), àmọ́ mo ti rí "éékà" tí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ̀n tí kò tó ìdajì ẹ̀. Kí ìwé náà sọ ẹni tó ni ọ̀pẹ àti kòkó tó bá wà níbẹ̀, àti ibi tí ẹran á ti máa mu omi. Bí wọ́n bá wá pín ilẹ̀ náà lóòótọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, tí ìpín ọkùnrin yìí sì ní àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀, ìgbà yẹn ló ní ọjà.

Ẹ pè é lónìí, ẹ ní kó mú yín lọ kí olórí ẹbí wọn. Bó bá ní ara bàbá ò yá, ẹ ní ẹ máa dúró. Bó bá tún ní kò sídìí fún un, pé kẹ́ ẹ ṣáà kó owó wá, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.