Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé àwọn aṣòfin ni yóò san owó òfò ilé mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé mi kò jìnnà sí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn níbí, àwọn ayálégbé sì wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ adójútòfò méjì tí mo lọ bá sọ pé àwọn lè dójútòfò iná, ṣùgbọ́n pé àwọn kò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ omíyalé. Ọmọ mi tí ó ń gbé ní Florida sọ pé iléeṣẹ́ ìjọba ni ó ń dójútòfò ilé tirẹ̀, nítorí pé àwọn aládàáni ti sá fún ìjì. Níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, alágbàtà kan wá sọ fún wa pé irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Agodi ni ó ń bójú tó o, àti pé owó rẹ̀ kò lè tán láéláé nítorí pé ìjọba ni ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gba owó fọ́ọ̀mù. Ṣé kí n san án? Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti san owó òfò fún mi lọ́jọ́ iwájú, aṣòfin wo ni kí n kọ̀wé sí?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má san kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni irú ìbéèrè yìí ti ń wọlé sọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo àwọn tí ń gba owó fọ́ọ̀mù yìí ń sọ kiri, nítorí náà n kò ní fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn. Kò sí iléeṣẹ́ ìjọba kankan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàbí ní ibikíbi ní Nàìjíríà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dójútòfò ilé tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ti kọ̀. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, Nigerian Agricultural Insurance Corporation, oko àti ohun ọ̀sìn ni ó wà fún, kì í ṣe ilé ayálégbé. Irú iléeṣẹ́ tí ọmọ yín ń sọ ni àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ìdójútòfò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìnṣọ́ránsì, mọ̀ sí adójútòfò ìgbẹ̀yìn: ibi tí onílé ń forí lé nígbà tí gbogbo iléeṣẹ́ yòókù bá ti dá a padà.

Kí n kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Bí ilé rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí mo rò pé ó ń sọ, Citizens Property Insurance Corporation ni, tí ilé aṣòfin Florida dá sílẹ̀ ní 2002 nípa síso ètò méjì tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ pọ̀. Ìjì Andrew ti oṣù kẹjọ ọdún 1992 ni orísun ọ̀pọ̀ nínú wàhálà náà, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ kan kógbá sílé, tí àwọn mìíràn sì ń kọ̀ láti tún bá àwọn tí ń gbé nítòsí òkun da nǹkan pọ̀. Ṣùgbọ́n Citizens kì í san owó omíyalé. Ìjì àti iná ni tirẹ̀. Omi tí ó bá kún láti odò tàbí láti òkun tí ó sì wọ ilé, onílé gbọ́dọ̀ ra ìdójútòfò tirẹ̀ lọ́tọ̀, yálà lọ́dọ̀ ètò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí òfin 1968 gbé kalẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ aládàáni. Òfin tí àwọn aṣòfin Florida ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2022 tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e, díẹ̀díẹ̀, pé ọ̀pọ̀ oníbàárà Citizens gbọ́dọ̀ ní ti omíyalé lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ gbé ilé yín kúrò lẹ́bàá Ògùnpa lọ sí Florida lónìí, ẹ̀rù tí ń bà yín yìí gan-an ni iléeṣẹ́ ọmọ yín kò ní gbà lọ́wọ́ yín.

Irọ́ tí ó ń bí mi nínú jù ni èyí tí ó sọ pé owó iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè tán nítorí pé àwọn aṣòfin ń bójú tó o. Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ni alágbàtà yẹn so pọ̀. Kí aṣòfin máa bójú tó iléeṣẹ́ kan kò sọ ìjọba di onídùúró fún gbèsè iléeṣẹ́ náà. Ní Florida níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, gbèsè Citizens kì í ṣe gbèsè ìpínlẹ̀. Bí ìjì bá jà tí owó tí ó wà nípamọ́ àti èyí tí iléeṣẹ́ náà fi ra ààbò lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò ńláńlá kò bá tó, àwọn oníbàárà Citizens fúnra wọn ni wọn yóò kọ́kọ́ bu owó kún un, dé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń san lọ́dún. Bí ìyẹn náà kò bá tó, òfin gbà á láyè kí wọ́n bu owó dandan lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ní ìdójútòfò ní ìpínlẹ̀ náà, títí kan onímọ́tò. Ẹ rò ó bí àjọ tí owó rẹ̀ kò pé nígbà tí ó kan ẹni tí yóò kó o: àwọn tí ń dá a ni wọ́n ń dá a kún, alájọ kì í ti inú àpò ara rẹ̀ mú un jáde.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 2004, ìjì mẹ́rin, Charley, Frances, Ivan àti Jeanne, kọlu Florida láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wilma tẹ̀ lé e ní 2005, Citizens sì wọ gbèsè. Láti 2007 títí di 2015 ni àwọn ará Florida fi ń rí owó dandan nínú ìwé ìdójútòfò wọn, ìdá kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀, láti fi san gbèsè náà. Ẹni tí kò ní ilé rárá, tí ó kàn ní ọkọ̀ kan tí ó fi ń lọ síbi iṣẹ́, bá wọn san owó òrùlé ẹlòmíràn fún ọdún bíi mẹ́jọ. Òótọ́ ni pé ní 2006 àwọn aṣòfin mú mílíọ̀nù 715 dọ́là nínú owó ìpínlẹ̀ láti fi dín gbèsè náà kù. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n dìbò kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè dìbò lòdì sí i. Ohun tí ènìyàn ní láti bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí a kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀.

Nítorí pé owó dandan yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí owó orí ni àwọn aṣòfin fi gbọ́dọ̀ mójú tó ẹni tí ń gbà á. Mẹ́sàn-án ni àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí Citizens. Gómìnà, olórí ètò ìṣúná ìpínlẹ̀, ààrẹ ilé aṣòfin àgbà àti olórí ilé aṣojú ni ó ń yàn wọ́n. Ilé aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà. Olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà ti ìpínlẹ̀ ń tú ìwé wọn wò, àwọn aṣòfin sì fi òfin dá ipò olùwádìí inú ilé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2013, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú àṣìlò owó àti ìwà jìbìtì fó. Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá wa: kò sí ìkankan nínú gbogbo èyí tí ó jẹ́ pé aṣòfin ni yóò pinnu iye tí a ó san fún òrùlé lágbájá. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí owó òfò tí wọ́n fún un yóò bá iléeṣẹ́ náà fà á, yóò fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn, tàbí kí ó lọ sí ibi ìlàjà tàbí ilé ẹjọ́.

N ó tilẹ̀ sọ ohun tí àwọn aṣòfin kò ní fẹ́ gbọ́. Nígbà mìíràn, àwọn gan-an ni ó ń ba iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, nígbà tí ariwo owó gọbọi pọ̀, ilé aṣòfin Florida fa owó tí Citizens ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wálẹ̀, wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀ títí di 2010. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òfin pé kò gbọdọ̀ fò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún oníbàárà kan, òté tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sún sókè díẹ̀díẹ̀ láti 2022. Owó tí ó rọjú dùn mọ́ olùdìbò, kò sí aṣòfin tí yóò kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí owó adójútòfò ìgbẹ̀yìn bá rẹlẹ̀ ju ti ọjà lọ, ènìyàn kì í dúró kí gbogbo ọjà lé òun kí ó tó wá. Nígbà tí yóò fi di 2012, ìwé àdéhùn tí ó wà lọ́wọ́ Citizens ti tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Àbójútó tí ó dára, ní tèmi, ni èyí tí ó ń béèrè bóyá owó tí wọ́n ń gbà tó ewu tí wọ́n gbé lé orí, kódà bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá dùn létí nígbà ìdìbò.

Ọ̀nà yàtọ̀ síra níbòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí owó ti ń já bọ́ láti òfuurufú. Ní Texas, ètò ìjì létí òkun tí òfin 1971 dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìjì Celia ní ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tí ń ṣọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹjọ́ tí ìjì Ike ti 2008 dá sílẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣàkóso ìdójútòfò ní láti fi iṣẹ́ wọn sábẹ́ àbójútó ara rẹ̀ ní 2011. Ní California, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ni òfin kó jọ láti 1968 sábẹ́ FAIR Plan, adójútòfò ìgbẹ̀yìn tiwọn níbẹ̀. Lẹ́yìn iná Los Angeles ti oṣù kìíní ọdún 2025, bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n bù lé àwọn iléeṣẹ́ náà lórí, wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti wá apá kan rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà.

Èyí tí ó sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá jù ni Flood Re ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé omíyalé gan-an ni ó wà fún. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó sì gbọ́dọ̀ parí ní 2039. Owó tí òfin bù lé àwọn iléeṣẹ́ ni ó gbé e ró, ó sì ń jíhìn fún ilé aṣòfin wọn. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá kọ́ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2009 síwájú kò sí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ kọ́ ilé sójú ọ̀nà omi pẹ̀lú ìrètí pé ẹlòmíràn ni yóò san án. Àwa tí a rí Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí a sì tún rí ohun tí omi ṣe ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ṣì ń wo àwọn tí ń mọ ògiri sí bèbè odò. Bí Nàìjíríà yóò bá dá irú ètò yìí sílẹ̀ láéláé, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti Agodi, n kì í ṣe agbẹjọ́rò, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mi wé ti agbẹjọ́rò yín, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé òfin 1999 kò ṣókùnkùn. Ìdójútòfò ni nọ́ńbà 33 lórí àtòjọ àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Abala 128 sì fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní agbára láti wádìí kìkì ohun tí ó bá ní agbára láti ṣòfin lé lórí. Ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ kò lè máa bójú tó iléeṣẹ́ adójútòfò, débi tí yóò ṣe onídùúró fún un. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní Abuja ni abala 88 fún ní irú agbára bẹ́ẹ̀, NAICOM, àjọ tí ń ṣàkóso ìdójútòfò, sì ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí aṣòfin tí ó ń ṣojú yín ní Agodi, ẹ bi í léèrè nípa gọ́tà, nípa kíkó pàǹtírí kúrò nínú odò, àti nípa àwọn tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti kọ́lé sétí omi. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò béèrè, tí ó sì kàn yín jù: ẹ ní ayálégbé. Abala 65 òfin ìdójútòfò ti 2003 ka ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ mọ́ ilé tí ó gbọ́dọ̀ ní ìdójútòfò lòdì sí wíwó, iná, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti omíyalé. Òfin tuntun ti 2025 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdójútòfò ọ̀ranyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì í gbọ́: àwọn ayálégbé àti àwọn tí ń wọlé wá ni ti ọ̀ranyàn náà ń dáàbò bò, kì í ṣe ògiri yín. Ògiri yín nílò ìwé àdéhùn iná, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi omíyalé kún un. Iléeṣẹ́ méjì kọ́ ni gbogbo ọjà. Ẹ gba ọ̀dọ̀ alágbàtà tí ó ní ìwé àṣẹ NAICOM lọ, kí ẹ fi àwòrán ìpìlẹ̀ àti gọ́tà ilé náà hàn wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí òmíràn gbà, pẹ̀lú owó tí ó ga tàbí pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ̀yin ni ẹ ó dá apá ìbẹ̀rẹ̀ òfò náà gbé. N kò tíì rí ilé náà, nítorí náà n kò lè ṣèlérí. Iye tí yóò ná yín láti tún ilé kọ́ lónìí ni kí ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ fi kọ́ ọ nígbà náà, nítorí pé bí ẹ bá dín in kù, wọn yóò dín owó òfò kù bákan náà. Títí ẹ ó fi san owó, ẹ kò ní ààbò kankan.

Bí iléeṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ bá kọ̀ láti san owó òfò, NAICOM ni kí ẹ fi ẹ̀sùn sùn, lórí ìwé, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé àdéhùn àti rìsíìtì. Ní ti alágbàtà onífọ́ọ̀mù yẹn, ẹ ní kí ó mú ìwé àṣẹ tirẹ̀ àti ti iléeṣẹ́ tí ó ń ṣojú fún wá sí ìpàdé tí ó kàn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn onílé bá ti sanwó fún un, kí ó tọ́jú rìsíìtì tàbí ẹ̀rí owó tí ó fi ránṣẹ́, kí ó mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAICOM.